Ọdún Tí Mo Ń Sọ Fíìmù fún Ìyá Àgbà

Tẹ́ ẹ bá rí àwo funfun lórí òrùlé kankan láti Agbonou títí dé Moretan, tí àwòrán tó ń gbé wá sínú tẹlifíṣọ̀n ò gbọ̀n, tí kò já, ẹ bi onílé, á ní Músílíù ló so ó. Mi ò fọ́nnu o. Ojú ọ̀run ni mo máa ń wò lẹ́ẹ̀kan, mo ti mọ ibi tó yẹ kí àwo kọjú sí kí àwọn yòókù tó yọ fóònù jáde láti fi wá a. Àwọn èèyàn rò pé iléèwé kan ni mo ti kọ́ ọ. Iléèwé wo? Mo fi iléèwé sílẹ̀ nígbà tí ìṣirò bẹ̀rẹ̀ sí í ní lẹ́tà nínú. Inú ilé wa ní Agbonou ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dún tí mo pé ọmọ ọdún méjìlá, ọdún tí àwo kọ́kọ́ gun orí òrùlé wa, ọdún tí gbogbo àdúgbò ń pè mí ní Asọfíìmù. Ọdún yẹn náà ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹnu ara mi ba ayé àǹtí mi jẹ́. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹlòmíì tó sọ ọ́ fún yín lódìlódì.

Ilé wa wà létí títì tó lọ sí Atakpamé, yàrá mẹ́fà tó yí àgbàlá kan ká, igi máńgòrò ńlá kan láàárín. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ló nilé. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí ẹ̀ ti wá, àmọ́ Atakpamé níbí ni wọ́n bí i sí, aṣọ ló sì ń tà lọ́jà, bí ìyá ẹ̀ ṣe tà á. Kò fẹsẹ̀ tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ rí láyé ẹ̀, síbẹ̀ tó bá ń sọ Yorùbá, ẹ máa rò pé àná ló dé láti ibẹ̀. Èdè Faransé tó gbọ́ ò ju kí wọ́n kí èèyàn kí wọ́n sì dúpẹ́ lọ. Èdè Ewe tiẹ̀, iye aṣọ ni, ó parí. Àárọ̀ ilé wa ní ìró tiẹ̀. Bútà Ìyá Àgbà ni màá kọ́kọ́ gbọ́, bó ṣe ń ṣe àlùwàlá, tí omi ń dún ṣọ́ọ́ lórí sìmẹ́ńtì. Lẹ́yìn ẹ̀, agogo ìjọ Kátólíìkì á dún látòkè. Lẹ́yìn ẹ̀, Dávì Ámá, obìnrin Ifẹ̀, ìyẹn àwọn Ifẹ̀ ìhà tiwa níbí, tí ilé ẹ̀ kọjú sí tiwa, á da ẹ̀wà sínú ìkòkò, gbàrà. Dávì la máa ń pe obìnrin tó bá ju èèyàn lọ níbẹ̀. Ayímólù ló ń tà, ìrẹsì òun ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀, àwọn tó ń fi alùpùpù gbérò ló sì ń jẹ ẹ́ jù. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbá ewé máńgòrò, kí n pọnmi, kí n sì ru ìdì aṣọ Ìyá Àgbà dé etí títì. Mo kórìíra ewé máńgòrò yẹn. Ẹ ò tíì gbá a tán, ó ti tún já.

Kí àwo tó dé, ọparun la fi ń gba àwòrán. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ọparun gígùn kan, ọmọrí ìkòkò lórí ẹ̀, wáyà tí wọ́n fi ọ̀rá dì. Àwọn òkè tó yí wa ká kì í jẹ́ kí àwòrán kọjá, nítorí náà yanrìn la máa ń wò, kóró funfun wínníwínní tó bo ojú telé. Èèyàn á máa ka ìròyìn nínú yanrìn, wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù nínú yanrìn, a ò ní mọ ẹni tó jẹ góòlù títí a ó fi gbọ́ ariwo nílé ẹlòmíì. Bàbá mi, tó ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí àríwá, tí a kì í rí ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ, ló gbé àwo wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó wá tún mú ọmọkùnrin kan dání tó máa so ó, Kòjó. Fófó Kòjó ni èmi ń pè é, torí fófó ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Bàbá ẹ̀ tó ti kú jẹ́ Ifẹ̀, ìyá ẹ̀ jẹ́ Ewe, ará Elavagnon ni wọ́n, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Atakpamé tó ti ń tún telé ṣe. Ó wọ fìlà, ó yí iwájú ẹ̀ sẹ́yìn. Mi ò tíì rí ẹni tó gun òrùlé bẹ́ẹ̀ rí: páànù ò dún lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó ń yí àwo díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń yí orí ọmọ tuntun. Ìyá Àgbà wà níwájú telé, Àǹtí Bíntù lójú fèrèsé, èmi lábẹ́ máńgòrò. Ìyá Àgbà á ní, "Yanrìn ni!" Àǹtí á ní, "Ó ní yanrìn ni!" Èmi á wá fi gbogbo ọ̀nà ọ̀fun mi pariwo sókè, "Yanrìn!" Ó tún yí i. "Yanrìn!" Ó yí i bí ìbú èékánná kan. Ìyá Àgbà ò sọ nǹkan kan. A dúró. Ó pẹ́ ká tó gbọ́ ohùn ẹ̀, kò tiẹ̀ pariwo: "Mo rí eyín ẹnu ẹ̀." Eyín ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú telé, ó rí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo sáré wọlé. Aláwọ̀ gidi! Mo lè ka bọ́tìnnì tó wà láyà ọkùnrin náà. Títí dòní, tí mo bá ti so àwo tán, tí onílé dákẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹn, ara mi á bù màṣọ̀.

Láti ọjọ́ náà lọ, fíìmù alátẹ̀léra kan gba ilé wa. Láàárín ọ̀sẹ̀, ní kété tí wọ́n bá ti kírun Àsárì, ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn òyìnbó onírun dúdú kan láti òdìkejì òkun ni, wọ́n ti fi Faransé bo ohùn wọn. Ọmọbìnrin olówó kan ń fẹ́ dẹ́rẹ́bà bàbá ẹ̀, ó tán, àmọ́ ó tó ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ oṣù kí wọ́n tó sọ ọ́ tán. A ò lè pe orúkọ wọn, nítorí náà ilé wa sọ wọ́n lórúkọ. Ọmọbìnrin náà di Sẹ̀lí, torí ó ń rìn bí ọmọ Lèmọ́mù tó ń jẹ́ Sẹ̀lí. Bàbá ẹ̀ di Alájì, nítorí ikùn. Ìyá ẹ̀ tó burú di Ìyá Dúkù. Dẹ́rẹ́bà ń fi fìlà ẹ̀ kọjú sẹ́yìn, nítorí náà òun di Kòjó. Ẹ̀rín ni a fi ṣe é. Kòjó gidi náà gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n fún mi ní mọ́tò náà nígbà náà."

Àǹtí Bíntù, àbúrò bàbá mi, ló kọ́kọ́ ń sọ fíìmù fún wa. Òun ló kàwé jù nínú ilé. Á jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ telé, á máa yí Faransé sí Yorùbá fún Ìyá Àgbà, Dávì Ámá àti àwọn obìnrin Ifẹ̀ yòókù á sì máa gbọ́ ọ, torí Ifẹ̀ tiwọn àti Yorùbá tiwa ò jìnnà síra wọn. Iṣẹ́ aṣọ rírán ló ń kọ́. Ojú ẹ̀ á wà lára aṣọ Sẹ̀lí, ẹnu ẹ̀ á máa sọ ọ̀rọ̀ Sẹ̀lí. Ẹni yẹn mọ̀ ọ́n ṣe! Lọ́jọ́ tí Sẹ̀lí wọ apá aṣọ kan tó wú bíi bọ́ọ̀lù léjìká tó wá fún mọ́ ọrùn ọwọ́, Àǹtí wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó mú gèlè àtijọ́, ó gé e láìwọn nǹkan kan, ó sì rán an kó tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Kí oṣù tó parí, mo ka apá Sẹ̀lí mọ́kànlá ní gbàgede ìjọ Kátólíìkì lọ́jọ́ ìsinmi kan. Wọ́n ò mọ̀ pé àpótí ilé wa ló ti wá.

Ohun tí gbogbo wa mọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò pariwo, ni pé Kòjó ń fẹ́ Àǹtí Bíntù. Àwo tó ti wà dáadáa, ó ń wá wò ó ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ó tilẹ̀ sọ fún Ìyá Àgbà pé tí Bíntù bá parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, òun á kó àwọn àgbà òun wá kí i. Kátólíìkì ni wọ́n, Mùsùlùmí ni wá. Mo rò pé Ìyá Àgbà á bínú. Ó kàn gé obì sẹ́nu, ó ní, "Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, a máa jókòó sọ ọ́. Ìwà ni mo fẹ́ kọ́kọ́ wò. Fún mi lọ́dún kan kí n wò ọ́." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wò ó. Ó ń wo bó ṣe ń kí èèyàn, bó ṣe ń jẹun, bóyá ó ń fọ ọwọ́. Gbogbo ìgbéyàwó Àǹtí Bíntù wà nínú ojú Ìyá Àgbà lọ́dún yẹn.

Nígbà tí ìdánwò ẹ̀kọ́ṣẹ́ sún mọ́, ọ̀gá Àǹtí Bíntù ní kó máa dúró ní ṣọ́ọ̀bù títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọjọ́ Sunday nìkan ló kù tó ń wà nílé. Àpótí ṣófo. Ìyá Àgbà yíjú sí mi: "Músílíù, ṣé o gbọ́ Faransé yìí?" Ọmọ tó ń tún kíláàsì kan náà kà lẹ́ẹ̀kejì! Mo ní, "Ìyá Àgbà, mo gbọ́ ọ ju tíṣà lọ." Mo jókòó. Òótọ́ ọ̀rọ̀, nínú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá mo lè mú méjì. Àmọ́ mo ní ojú, mo sì ní ẹnu. Tí Ìyá Dúkù bá ju kọ́ọ̀bù mọ́ ògiri, ṣé ó nílò Faransé? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Mo ń fi imú sọ ti Ìyá Dúkù, mo ń fi ikùn sọ ti Alájì, tí Sẹ̀lí bá ń sunkún mo máa ń mú ohùn mi tín-ín-rín títí Dávì Ámá á fi fi etí ìró nu ojú. Mo fún Ìyá Dúkù ní ọmọ mẹ́ta tó ti kú, kí wọ́n lè mọ ìdí tó fi burú. Èmi ni mo fún un o, kò sí nínú fíìmù. Ká tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn èèyàn ń gbé àga wá láti ilé kẹta. Obìnrin kan tó gbọ́ Faransé dáadáa, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba, wá lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun ò gbọ́ irú nǹkan báyìí rí, ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì. Mo rò pé ó ń yìn mí ni. Ìyá Àgbà máa ń sọ fún wọn pé, "Àwọn tó ṣe fíìmù yìí, wọ́n ti rí ayé kí wọ́n tó ṣe é. Ẹ fetí sílẹ̀." Mo gbà á gbọ́. Mo gbà pé èmi náà ti rí ayé.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Fófó Kòjó wá wo àwo, Ìyá Àgbà ní kó jókòó jẹ iyán. Ó jókòó. Sẹ̀lí dùbúlẹ̀ àìsàn nínú telé, ó na ọwọ́ sí dẹ́rẹ́bà, ó sọ gbólóhùn kúkúrú kan. Èmi dìde dúró. Mo ní, "Ó ní, 'Olólùfẹ́ mi, bí mo bá kú, má fẹ́ ẹlòmíì, gbé àwòrán mi sáyà rẹ, kí o sì bú fún ìyá mi láàárín ọjà!'" Àwọn obìnrin ní, "Háà!" Kòjó fi iyán sílẹ̀. Ẹ̀rín ti mú un. Ó ní, "Músílíù, ó ní kó bá òun gbé omi wá ni." Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, dẹ́rẹ́bà nínú telé gbé ife omi wá. Ẹ̀rín tí wọ́n rín, máńgòrò fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Ìyá Àgbà pàápàá di ìhà mú. Fún ọjọ́ mẹ́ta, tí mo bá kọjá níwájú ilé Dávì Ámá, á ké pè mí: "Gbómiwá! Wá gba ẹ̀wà jẹ!" Àwọn ọmọ iléèwé gbà á lẹ́nu ẹ̀. Gbómiwá! Kòjó ò bú mi, kò tiẹ̀ rántí ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Inú mi ò dáa sí i mọ́. Mo ń wá bí mo ṣe máa gbẹ̀san, fíìmù náà sì gbé e wá bá mi. Dẹ́rẹ́bà wa mọ́tò lọ sí àdúgbò àwọn tálákà, ó kan ilẹ̀kùn, obìnrin kan ṣí i. Ọmọ kékeré sáré jáde, ó di mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó yọ owó lápò, ó fún obìnrin náà, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mi ò mú ju "ọ̀la" lọ nínú gbogbo ohun tó sọ. Gbogbo àga ń wò mí. Mo mú ohùn mi wálẹ̀. Mo ní, "Ìyàwó ẹ̀ nìyẹn. Ọmọ ẹ̀ nìyẹn. Ó ń sọ fún un pé kó ṣe sùúrù, òun á fẹ́ Sẹ̀lí, òun á kó owó bàbá ẹ̀, òun á wá padà wálé."

Ìyá Àgbà bọ́ awò ojú ẹ̀. "Kòjó?"

"Òun ni, Ìyá Àgbà."

"Kòjó yìí níyàwó nílé?"

"Ó níyàwó, ó bímọ."

Ẹ má bi mí bóyá mo mọ Kòjó tó ń bèèrè. Mo mọ̀. Mo rí i lójú ẹ̀ pé kì í ṣe telé ló ń wò mọ́. Dávì Ámá ló wá ti ilẹ̀kùn náà pa. Ó ní, "Ẹ wò ó, èmi ò fẹ́ sọ ọ́ o. Nígbà tí mo lọ ra ẹ̀wà l'Elavagnon, mo rí Kòjó tiwa lọ́jà. Ó gbé ọmọbìnrin kékeré kan síwájú alùpùpù. Mo ní bóyá ọmọ àdúgbò ni." Ìyá Àgbà ní, "Ọmọ náà jọ ọ́?" Dávì ní, "Iwájú orí kan náà." Kò sẹ́ni tó tún wo fíìmù parí lọ́jọ́ náà. Mo ní lọ́kàn mi pé kí Kòjó lọ gbé omi wá fún ìyẹn.

Ọjọ́ kẹta, Kòjó dé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ ẹ̀, ó ń súfèé. Ìyá Àgbà pàdé ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì dí i. Ọ̀nà kún fún èèyàn, àsìkò tí àwọn ọmọ iléèwé ń bọ̀ ni. Ó ní, "Dúró síbẹ̀. Àwo mi ò nílò ẹ mọ́. Mo ní kí n wo ìwà ẹ, mo ti rí i. Ẹlẹ́tàn ni ẹ́. Ọmọ mi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi ṣe ìkejì láìsọ." Kòjó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yí fìlà ẹ̀ síwájú, n kò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní, "Ìyá, kí ni mo ṣe?" Ìyá Àgbà ní, "Lọ bi ará ilé ẹ l'Elavagnon." Ó gbé àpò ẹ̀, ó lọ. Nígbà tí Àǹtí Bíntù dé, Ìyá Àgbà sọ fún un nínú yàrá pé òun ti rí ẹ̀rí, pé ọ̀rọ̀ náà ti tán. Mo ń retí ariwo. Ohun tí mo gbọ́ ni ẹ̀rọ ìránṣọ, kẹrẹkẹrẹkẹrẹ, ó ń rán nǹkan tí kò níbi tó ń lọ. Lọ́jọ́ kejì ọ̀gá ẹ̀ ránṣẹ́ pé ó gé aṣọ oníbàárà lódì. Bíntù! Ẹni tó ń gé aṣọ láìwọ̀n!

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀. Tí mo bá sọ pé irọ́ ni ti ìyàwó, wọ́n á bi mí ti Ìyá Dúkù. Tí mo bá sọ ti Ìyá Dúkù, gbogbo ẹ̀ á tú, láti ọjọ́ kìíní. Àga ilé kẹta á padà sílé kẹta. Mo fẹ́ràn àpótí yẹn ju àǹtí mi lọ, òótọ́ nìyẹn, mo ti dàgbà tó láti sọ ọ́. Nítorí náà mo ń sọ fíìmù lọ lójoojúmọ́, ó sì ń dùn sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ní ọjọ́ Sunday, wọ́n máa ń tún àwọn èyí tó ti kọjá gbé jáde fún àwọn tí kò rí wọn. Ọ̀sán Sunday kan, lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n gbé ti ilé tálákà yẹn jáde. Àǹtí Bíntù wà nílẹ̀, ó ń ṣẹ́ etí aṣọ, ó ti rù. Ìyá Àgbà fẹ́ fi nǹkan tù ú nínú, ó ní, "Bíntù, ìwọ ni kó o sọ fún wa lónìí. Ó ti pẹ́ tá a ti gbọ́ ohùn ẹ." Mo ní, "Mo lè sọ ọ́, ó rẹ Àǹtí." Ìyá Àgbà ní, "Jókòó." Àǹtí ò tilẹ̀ gbójú sókè, ó ń gbọ́ Faransé, ó ń sọ ọ́ pẹ́pẹ́pẹ́, láìsí iyọ̀, láìsí ata. "Ó ní, 'Ẹ kú ilé, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ọkọ yín ò tíì fi nǹkan ránṣẹ́?' Obìnrin yẹn ní kò tíì fi ránṣẹ́. Ó ní, 'Ẹ gba èyí, ẹ ra bàtà fún ọmọ. Màá tún wá lọ́la.'"

Dávì Ámá bú sẹ́rìn-ín. "Bíntù, abẹ́rẹ́ ti gba Faransé lórí ẹ! Ìyàwó ẹ̀ nìyẹn kẹ̀!"

"Ìyàwó báwo? Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀ ni. Ta ló ní ìyàwó ẹ̀ ni?"

Orí bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo rí wọn bí wọ́n ṣe ń yí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kan ti Ìyá Àgbà. Ó ní, "Músílíù. Kí ni ọkùnrin yẹn wí?"

"Mo rò pé ó ní..."

"Mi ò bi ọ́ ní ohun tó o rò. Kí ló wí?"

"Mi ò mọ̀, Ìyá Àgbà."

"O ò gbọ́ Faransé wọn?"

"Mi ò gbọ́ ọ."

"Látìgbà wo?"

"Látìbẹ̀rẹ̀."

Ìpolówó ọṣẹ kan ló ń kọrin nínú telé. Dávì Ámá gbá àyà mú. "Yéè! Àwọn ọmọ mẹ́ta Ìyá Dúkù ńkọ́? Ṣé wọn ò kú? Èmi tí mo sunkún títí ayímólù mi fi jóná!" Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú Àǹtí Bíntù, ó gbé e mì. Àǹtí ti dìde. Ó ti yé e, èmi náà rí i bó ṣe yé e. Ó bi Ìyá Àgbà pé, "Ṣé ẹ̀rí tẹ́ ẹ ní ẹ rí nìyí? Inú telé?" Ìyá Àgbà ní, "Dávì rí ọmọ kan l'Elavagnon." Àǹtí ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n Kòjó ni. Ésì lorúkọ ẹ̀. Èmi ni mo máa ń rán aṣọ fún un." Ìyá Àgbà ní, "Kí ló dé tó ò sọ?" Ó ní, "Ẹ ò bi mí, Ìyá. Ẹ sọ fún mi ni." Ó kó aṣọ ẹ̀, ó wọlé.

Mò ń retí pàṣán. Ìyá Àgbà ò nà mí. Ó jókòó síwájú telé títí fíìmù fi parí, kò sì bi ẹnikẹ́ni ní ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà tí ọjọ́ ọjà Elavagnon pé, ó wọ aṣọ tó fi ń kírun Yídì, ó yan àǹkárá tó dáa jù nínú ẹrù ẹ̀, ó ní kí n gbé e. A wọ tákísí. Kò bá mi sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, mo sì ń wo àwọn òrùlé tó ń kọjá, kò sí àwo púpọ̀ lórí wọn nígbà yẹn. Ìyá Kòjó wà lábẹ́ ìbòjì lójúde ilé wọn, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Obìnrin gíga ni, apá ẹ̀ le bíi ti ọkùnrin. Ó mọ ẹni tó dé. Ó tọ́ka sí àpótí, Ìyá Àgbà kọ̀, ó dúró lóòró. Ó fà mí sáàárín wọn. "Ewe nìkan ni obìnrin yìí gbọ́, Ifẹ̀ ọkọ ẹ̀ pàápàá ò yé e. Ṣé o gbọ́ ìyẹn?" Mo ní mo gbọ́ ọ, òótọ́ sì ni, ojú títì ni mo ti kọ́ ọ, mo gbọ́ ọ délẹ̀. Ó ní, "Ohun tí mo bá sọ ni kó o sọ."

Ó ní, "Sọ fún un pé mo lé ọmọ ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi níṣojú èèyàn." Mo sọ ọ́. Ọ̀bẹ ń lọ lára ẹ̀gẹ́. "Sọ fún un pé mo pè é ní ẹlẹ́tàn, kò sì tan ẹnikẹ́ni." Mo sọ ọ́. "Sọ fún un pé ọmọ ọmọ mi tó dúró níbí yìí ló purọ́ mọ́ ọn. Ó ń ṣe bí ẹni tó gbọ́ ohun tí kò gbọ́, torí ó fẹ́ kí wọ́n máa yìn ín. Èmi àgbàlagbà sì gbà á gbọ́, torí ó ń dùn mọ́ mi."

Kòjó ò sí níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè méjèèjì lójúde yẹn ju èmi lọ. Mo lè ní ọmọ kan ṣèèṣì. Mo lè ní telé ló bàjẹ́. Ìyá Àgbà ò ní mọ̀ láéláé, obìnrin yẹn náà ò ní mọ̀. Mo ti mú èyí tí mo fẹ́ sọ sẹ́nu, ó sì dùn, gbogbo wa ni ì bá bọ́ nínú ẹ̀. Mo wo ọwọ́ Ìyá Àgbà lórí èjìká mi.

Mo sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ọ̀bẹ dúró. Ìyá Kòjó gbójú sókè, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, èmi gan-an, bí ẹni ń wo ọjà.

Ìyá Àgbà ní, "Sọ fún un pé tí Kòjó bá ṣì fẹ́ wá kí wa, mo ṣe tán. Tí kò bá sì fẹ́ mọ́, ó tọ́ sí mi."

Mo sọ ìyẹn náà. Obìnrin náà bẹ ẹ̀gẹ́ kan tán, ó jù ú sínú omi, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó gùn, ó ń fi ọ̀bẹ tọ́ka. Ìyá Àgbà tẹ èjìká mi. "Kí ló wí?"

"Ó ní òun ń bínú yín. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọmọ òun ò fi jẹun dáadáa. Ó ní òun ò tíì dárí jì yín tán."

Ìyá Àgbà mi orí. "Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀."

"Ó ní Kòjó ò sí nílé, Agbonou ló wà báyìí. Ó ní Àǹtí Bíntù ló pè é lórí fóònù láàárọ̀ yìí, pé kó wá, pé kò sẹ́ni tó máa tún lé e. Ó ní kẹ́ ẹ jókòó kẹ́ ẹ jẹun, pé kò sídìí tẹ́ ẹ fi máa kánjú padà lọ dà wọ́n láàmú."

Ìyá Àgbà wò mí lójú. Ó wo obìnrin náà. Ó tún wò mí.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ló wí?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ló wí, Ìyá Àgbà."

Ó fa àpótí, ó jókòó.